Bí A Ṣe Lè Dín Owó Epo Kù Lórí Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Láàárín Ìlú

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ tí a ti lò ní òkè òkun kí ó tó wọ orílẹ̀-èdè wa. Òun ni ọ̀pọ̀ olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́, ọjà, ilé-ìwé àti òde. Kò sí àbùkù nínú rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ àlòkù tí a bá tọ́jú lè sin olówó rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó epo ti di ẹrù ńlá lórí ọ̀pọ̀ ìdílé. Lítà epo tí kò tó ₦200 ṣáájú ìkéde náà ti lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì padà sí iye àtijọ́ mọ́.

A kọ àlàyé yìí fún ẹni tí ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú. Ohun pàtàkì tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan nítorí pé ọkọ̀ yín ń jẹ epo, ẹ kọ́kọ́ wọn iye epo tí ó ń jẹ. Ẹni tí kò bá mọ iye rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá àtúnṣe tí òun sanwó fún ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ẹ lọ sí ilé epo, ẹ ní kí wọ́n bu epo kún táǹkì títí ẹ̀rọ yóò fi dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tún fi díẹ̀ lé e. Ẹ kọ iye kìlómítà tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ bí ẹ ti máa ń wà á fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ilé epo kan náà, sídìí ẹ̀rọ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ tún bu epo kún un, kí ẹ sì kọ iye lítà tí ó gbà. Ẹ wá fi iye lítà náà pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Bí ọkọ̀ bá rin kìlómítà 280, tí ó sì gba lítà 35, kìlómítà 8 ni ó ń rìn lórí lítà kan.

Ẹ ṣàkíyèsí pé máìlì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Máìlì kan jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 1.6. Bí ó bá jẹ́ máìlì 175 ni ojú dáṣíbọ́ọ̀dù fi hàn, kìlómítà 280 náà ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa rò pé ọkọ̀ òun ń jẹ epo ju bí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ, yóò sì máa wá oògùn sí àìsàn tí kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìyàtọ̀ kékeré lè fà. Ẹni tí ó ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù nílò lítà 100 bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 7 ni, yóò nílò nǹkan bí lítà 143. Bí a bá ka lítà kan sí ₦1,000, ìyàtọ̀ yìí jẹ́ ₦43,000 lóṣù kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí owó náà ṣe ń lọ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Àwọn àìsàn tí ń mú ọkọ̀ àlòkù jẹ epo

Táyà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé kò ná wa ní nǹkan púpọ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé máa ń wúwo láti yí. Iye afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ wà lára ìlẹ̀mọ́ kan tí ó sábà máa ń wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀. Iye tí a kọ sára táyà fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ni. Ẹ sọ iye tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún fọkanáísà, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ kí ó fojú díwọ̀n rẹ̀. Òwúrọ̀, nígbà tí táyà kò tíì gbóná, ni ó dára jù láti wọ̀n ọ́n.

Èkejì ni thermostat. Ẹ̀yà kékeré yìí ni ó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní ilẹ̀ wa máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Àṣìṣe ni èyí. Bí kò bá sí thermostat, ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ kí ó tó gbóná bí ó ti yẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò sì rò pé òwúrọ̀ ni, yóò máa da epo sí i ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀kan nínú àwa tí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka yìí ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí kò yé jẹ epo. Ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó fọ nọ́sù, kò sí ìyàtọ̀. Níkẹyìn ni mẹkáníìkì mìíràn ṣàkíyèsí pé ọwọ́ tí ń fi ìgbóná hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í gòkè dé ibi tí ó yẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sí thermostat níbẹ̀. Owó tí ó fi ra òmíràn kò tó ìdá mẹ́rin owó tí ó ti fi ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni iná ẹ́ńjìnnì tí ń tàn ní àwọ̀ ìyeyè lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn kan máa ń fi nǹkan bò ó, àwọn mìíràn a sì ní kí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀ kí wọ́n tó ta ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sí i, kí ẹ sì rí i pé iná náà tàn. Bí ẹ bá sí i, ó yẹ kí ó kú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 wá ní ojú kan lábẹ́ sítíárìn, níbi tí a ti lè fi ẹ̀rọ ka ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á kí ẹ tó lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní Aráròmí. Bí ó bá jẹ́ oxygen sensor ni ó bàjẹ́, òfò epo lè pọ̀ gan-an.

Ẹ̀kẹrin ni bíréèkì tí ń di táyà mú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ díẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ súnmọ́ irin táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ bá pọ̀ ju ti ìkejì rẹ̀ lọ ni kí ẹ sọ fún mẹkáníìkì.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ́ìlì. 5W-30 ni ilé iṣẹ́ dárúkọ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní, ṣùgbọ́n 20W-50, tí ó ki jù ú lọ, ni wọ́n sábà máa ń dà sí ọkọ̀ níhìn-ín. Ọ́ìlì tí ó ki jù ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ líle. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ tàbí ìdérí ojú ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbó tí ó ń jó ọ́ìlì, ẹ bi mẹkáníìkì tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé kí ẹ tó yí i padà.

Ẹsẹ̀ awakọ̀

Lẹ́yìn àìsàn ọkọ̀, ẹsẹ̀ tí ń tẹ iná ni ó kù. Láàárín ìlú, lílọ àti dídúró ni ó ń jẹ epo jù lọ. Ẹni tí ó fi agbára sáré lójú títì, tí ó wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ akérò tí ó dúró, ti sọ epo di ooru lásán. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú yín. Bí ẹ bá ti rí i lókèèrè pé ọkọ̀ ń dúró, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ní kùtùkùtù. Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀mí àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré tí ó dúró lójú kan lè jẹ nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan, ó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ̀rọ ìmúlétutù bá wà lórí iṣẹ́. Bí ó bá hàn pé ọkọ̀ kò ní lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á, bí bátìrì àti síítátà rẹ̀ bá dára. Bákan náà, kò sí ìdí tí a fi ń ta ọkọ̀ òde òní gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀. Ẹ sí i, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì máa lọ jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń rìn ni ó ń yára gbóná.

Nínú àwọn ọkọ̀ onígíà aládàáṣe àtijọ́, ẹ wò ó bóyá iná tí a kọ O/D OFF sí ń tàn. Bí ó bá ń tàn, ọkọ̀ kò ní wọ gíà tí ó ga jù, epo yóò sì máa ṣòfò ní ojú ọ̀nà tí ó dán. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gíà ni a fi ń pa iná náà. Bí ó bá ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀, àìsàn gíà ni, ẹ lọ fi han mẹkáníìkì. Ẹ sì kó ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú bùútù: kìlógíráàmù 45 lè fa òfò bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo.

Ohun tí ó léwu, tí kò sì dín owó kù

Ìlú olókè ni Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì máa ń fi ọkọ̀ sí nútírà, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ pa á, nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè bíi Mọ́kọ́lá. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tí ọkọ̀ wà nínú gíà tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹpútà a máa dá epo dúró, nítorí pé táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá wà ní nútírà, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa jẹ epo kí ó má baà kú, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ á sì wà lórí bíréèkì nìkan. Bí ẹ bá sì pa á, sítíárìn á le, bíréèkì á le, ọ̀rọ̀ lè yíwọ́ níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ má ṣe kó epo pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ní ilé tàbí sínú bùútù ọkọ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé yóò wọ́n. Ooru epo ń rìn jìnnà, iná kékeré kan sì tó láti gba ẹ̀mí gbogbo ilé.

Ní ti mágínẹ́ẹ̀tì, oògùn inú táǹkì àti irinṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń polówó pé ó ń dín epo kù, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká ti yẹ irú rẹ̀ tí ó ju 100 lọ wò, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ní àǹfààní kankan. Ẹ fi owó náà ra thermostat.

Ìlànà tí a dá lábàá

Ẹ wọn ọkọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ ṣe àtúnṣe kan ṣoṣo, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí iye náà bá sunwọ̀n, ẹ mọ ohun tí ó ṣe é. Bí kò bá yí padà, ẹ lọ sórí èyí tí ó kàn. Táyà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ awakọ̀, thermostat, iná ẹ́ńjìnnì, bíréèkì àti ọ́ìlì. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ yọ ohun kan kúrò lára ọkọ̀ yín, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, kí ẹ sì rí i dájú pé ìdáhùn rẹ̀ yé yín kí ó tó fọwọ́ kàn án.