Ta Ní Ń Sanwó Ìdúró?

Kí Uber tó dé Èkó ní ọdún 2014, kí ó tó dé Abuja àti Accra ní 2016, àwọn onítakisí ti ń dúró de èrò ní pápákọ̀ òfurufú wa. Òfin gáréèjì ni wọ́n ń lò: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gbé èrò. Bí ẹnìkan bá já ìlà, gbogbo ojú ló máa rí i, ariwo á sì sọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Áàpù kò pa òfin yìí rẹ́. Inú fóònù ló gbé ìlà náà wọ̀. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú lágbàáyé, Uber fa ààlà sórí máàpù: awakọ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ gba ipò, ẹni tó bá jáde pàdánù tirẹ̀. Kò rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ohun tí fóònù bá sọ ló máa gbà.

Ṣùgbọ́n ìyípadà tó jù, orí owó ló ti ṣẹlẹ̀. Láyé onítakisí, èrò àti awakọ̀ a máa dúnàádúrà. Ẹni tó ti dúró láti àárọ̀ á ka ìdúró rẹ̀ mọ́ iye tó máa pè. Lórí áàpù bíi Uber, ilé-iṣẹ́ ló ń dá iye lé, ibi tí ọkọ̀ bá rìn dé àti àkókò ìrìn ló sì ń wò. Báyìí ni owó ìdúró ṣe bọ́ sọnù. Ní 2017, Uber tún gé owó ọkọ̀ kù ní Nàìjíríà, àwọn awakọ̀ sì fárígá.

Ìdúró náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Pápákọ̀ òfurufú Abuja jìnnà sí àárín ìlú. Ẹni tó gbé èrò débẹ̀ kò fẹ́ padà lófìfo. Ó ń sanwó ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan ṣáájú òpin oṣù Karùn-ún 2023 ti kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ bá pè mí pé, “Ọ̀gá, ibo lẹ̀ ń lọ? Ẹ máa fi nǹkan kún un,” inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe. Ìdúnàádúrà tí áàpù lé jáde ló ń gba ojú fèrèsé padà wọlé.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn awakọ̀ áàpù. Ní tèmi, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n gbé síwájú ilé-iṣẹ́ áàpù àti àwọn aláṣẹ pápákọ̀ òfurufú nìyí: ibùdókọ̀ ọ̀fẹ́ tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti owó ìdúró tó hàn kedere nínú iye tí èrò yóò san. Bí a kò bá san án ní gbangba, a ó máa san án lábẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìjà.