Kí Ni Ká Máa Pe Fílítà?

Omi mọ́ gaara lọ́jọ́ tí àrọ̀ mẹ́tàdínlógún kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìgándò ni mo ti ń sìn wọ́n. Táńkì lítà 1,000 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo wá kọ́ èyí tó gba 4,000. Mo ní kí púlọ́ńbà bá mi wá asẹ́ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé àgbá búlúù kan dé, fóòmù tuntun láti ọjà Ìkọ̀tún kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi rán an ni kò pé.

Asẹ́ ni gbogbo wa ń pe fílítà, kò sì burú, àfi pé ó níbi tó mọ. Ẹ wo ìyá ológì ojúlé kejì sí wa. Á da àgbàdo lílọ̀ sórí aṣọ tó ta sẹ́nu bàsíà, á máa bomi sí i, á máa fọwọ́ rò ó. Èèrí á dúró lókè, ògì á lọ sísàlẹ̀. Sísẹ́ nìyẹn. Tó bá wá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ògì á silẹ̀, omi á tòrò lórí rẹ̀. Kò sí aṣọ ńbẹ̀ mọ́, ìsinmi ló ṣe é. Fílítà ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ń pe méjèèjì, Yorùbá sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Táńkì ìtòrò ni mo ń pe ìkejì. Púlọ́ńbà kò bi mí léèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Fílítà tún ní iṣẹ́ kẹta, àìsí rẹ̀ ló pa ẹja mi. Ámóníà tó ń ti ara ẹja àti oúnjẹ àjẹkù jáde ti yòrò sómi bí iyọ̀, asẹ́ kankan ò lè dá a dúró. Àrọ̀ lè yọjú gba afẹ́fẹ́ lókè, kò ríbi sá fún ìyẹn. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ẹ́: àwọn kan á sọ ọ́ di náítráìtì, àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di náítréètì tí ẹja lè fara dà. Ara fóòmù àti páìpù gígé ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Fóòmù àtijọ́ tí wọ́n kún bámú, mo ti jù ú sí ààtàn. Ó dọ̀tí. Asẹ́ tó bá dọ̀tí, ta ló ń tọ́jú rẹ̀?

Kí n lè rí orúkọ fún iṣẹ́ kẹta yìí, mo ṣí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni tiwọn, wọn ò dé ìdí táńkì. Inú Bíbélì ni mo ti rí ìrànlọ́wọ́. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ pe búrẹ́dì ní àkàrà, wọ́n wá wo iṣẹ́ ohun tó ń mú un wú, wọ́n sọ ọ́ ní ìwúkàrà. Mo lọ tọrọ fóòmù dídọ̀tí, tí kòkòrò ara rẹ̀ máa ran tuntun, lọ́wọ́ ẹlẹ́ja kan ní Àkẹ̀sán, mo ní ìwúkàrà ni mo wá gbà. Ìyá ológì gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá Ẹlẹ́ja, ẹja lẹ̀ ń sìn àbí búrẹ́dì lẹ̀ ń ṣe?"

Àwọn kòkòrò náà ńkọ́? Bí mo bá pe àgbá wọn nílé kòkòrò, ẹnìkan á da oògùn apakòkòrò sí i. Ajẹ̀gbin ni mo sọ wọ́n.

Ọlọ́jà kan tún fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ń kó ìhó ojú omi fún mi. Akóhó ni ǹ bá pè é, ká ní mo rà á. Àwọn tó ń sin iyùn láàyè nínú dígí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ń lò ó. (Bẹ́ẹ̀ ni, iyùn ọrùn ọba: egungun ẹ̀dá inú òkun ni.) Omi iyọ̀ ló ń hó dáadáa fún un, omi kànga ẹ̀rọ tiwa kò lè hó tó bẹ́ẹ̀.

Ti NEPA ló ká mi lára jù. Ajẹ̀gbin ń mí. Bí iná bá lọ tí omi dúró nínú àgbá tó dé pa, wọ́n á kú. Mo sọ fún púlọ́ńbà pé ilé ajẹ̀gbin ni mo fẹ́, kójú rẹ̀ là sílẹ̀, kómi máa kán sí i látòkè.

Ó gbé fóòmù Àkẹ̀sán sókè, ó wò ó títí. "Ọ̀gá, àwọn ajẹ̀gbin yìí, ṣé wọn ò ní kú tí n bá fi omi ẹ̀rọ fọ ilé wọn?"

Mo ní kó fi omi inú táńkì ṣàn án.