Ta Ni Akọni Tòótọ́? Ìtàn Kúrunmí àti Ògèdèǹgbé

Láàrin àwọn Yorùbá, ẹni tí kò bẹ̀rù ikú ni a máa ń pè ní akọni. Oríkì irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tán lẹ́nu àwọn akéwì, àwọn òbí a sì máa fi orúkọ rẹ̀ ki ọmọ láyà. Síbẹ̀, àwọn àgbà kan náà tí wọ́n ń yin ìgboyà ni wọ́n sọ pé akínkanjú tí ó bá mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni yóò bá ìjà lọ. Ǹjẹ́ ìgboyà nìkan tó láti sọ ènìyàn di àwòkọ́ṣe? Ìtàn jagunjagun méjì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

Kúrunmí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ni aláṣẹ Ìjàyè. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù Àrẹ̀mọ ni wọ́n fi jọba, bẹ́ẹ̀ ni àṣà Ọ̀yọ́ sì ti là á sílẹ̀ pé kí Àrẹ̀mọ máa bá ọba kú. Ìbàdàn fara mọ́ àyípadà náà. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní ẹjọ́ rò: àṣà ni ó dúró tì, kò sì fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ṣíwájú ogun Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá wá gbèjà Ìjàyè. Ìtàn sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni márùn-ún nínú àwọn ọmọkùnrin Kúrunmí ṣubú lójú ogun, síbẹ̀ kò túúbá.

Ta ni yóò sọ pé aláyà kìnnìún kọ́ nìyẹn? Ṣùgbọ́n ìyàn mú ní Ìjàyè débi pé àwọn òbí ń fa ọmọ wọn lé àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́ kí ebi má baà lù wọ́n pa. Nígbà ayé Kúrunmí, kò fẹ́ kí olóyè mìíràn lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Nígbà tí ó wá di dandan kí ẹnìkan wí fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Ó kú ní 1861. Ní oṣù Kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹ́ kù sá lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú ńlá náà sì dahoro.

Ti Ògèdèǹgbé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, yàtọ̀. Ìbàdàn mú un lẹ́rú ogun nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870, kò dúró kú síbẹ̀. Ó sá àsálà lọ síhà Àkúrẹ́. Ìsá yẹn kọ́ ni òpin rẹ̀. Fábùnmí ará Òkè-Ìmẹ̀sí ni ó kọ́kọ́ gbé ìjà ko àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878. Nígbà tí Ògèdèǹgbé dé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun Èkìtìparapọ̀ ní Kírìjì, Fábùnmí kò sì tìtorí èyí fi ogun sílẹ̀. Ìlú tí kì í ṣe ti ọba kan náà wá ń jà lábẹ́ olórí kan. Nígbà tí a bu ọwọ́ lu ìwé àlàáfíà ní 1886, òmìnira ti padà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń jà fún un. Ògèdèǹgbé kò fi idà gba adé Ọwá. Oyè Ọbańlá ni ó jẹ, ó sì kú ní 1910.

Èyí kò sọ Ògèdèǹgbé di ẹni mímọ́. Òun náà kó ìlú, ó sì kó ẹrú bí àwọn jagunjagun ìgbà rẹ̀. Ọmọ tí a bá ní kí ó wò ó ṣe àwòkọ́ṣe, kí a má fi èyí pamọ́ fún un. Ìwà ni à ń yàn láti ara ènìyàn. A kì í gbé ènìyàn lódindi.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò sí nínú ìgboyà. Ohun tí Kúrunmí gbà gbọ́ ni ó jà fún, ìlú rẹ̀ ni ó sì san gbèsè rẹ̀. Ògèdèǹgbé sá nígbà tí ìsá yẹ, ó padà nígbà tí ìpadà yẹ, ó sì bá ẹlòmíràn ṣe é. Kí a tó ki ẹnikẹ́ni ní akọni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn ìyá tí wọ́n fa ọmọ wọn lé àlejò lọ́wọ́ ní Ìjàyè léèrè bí wọ́n ṣe rí i.