Ẹ̀rọ Wo Ló Yẹ Ká Fi Lọ Ọkà Ọtí? Ẹ Jẹ́ Ká Bẹ̀rẹ̀ Látorí Ọlọ

Ìbéèrè kan ń wọlé sí mi lemọ́lemọ́: "Ọ̀gá, ẹ̀rọ wo ni kí n rà fún ọkà tí mo fẹ́ máa fi pọntí nílé?" Àwọn kan ti rí ẹ̀rọ oníróólà lórí fóònù, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń lọ ọkà ọtí wọn, wọ́n sì ti ń dáwó jọ láti rà á wọlé. Ẹ dákun, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ìlọkà kan tí wọn kò ṣe nítorí irú ọkà kan, tí ẹ bá sì mọ ìtàn rẹ̀, ẹ ò ní ra èyí tí kò bá ọkà yín mu.

Ọlọ la fi bẹ̀rẹ̀, àwa àti gbogbo ayé. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ máa ń gbẹ́ ère obìnrin tó kúnlẹ̀ ti ọlọ, wọ́n á gbé e sínú ibojì àwọn ọlọ́lá. Tí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ ó rò pé ìyá àgbà yín ni. Ọlọ kì í yára, ó sì ń dun ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń lọ̀ ọ́ ló ń pinnu bó ṣe máa kúnná tó. Ata ọ̀tọ̀, ẹ̀gúsí ọ̀tọ̀, ọkà ọtí ọ̀tọ̀. Tí ojú ọlọ bá ti ń dán jù, wọ́n á fi òkúta líle ṣá a kí ó lè rí págunpàgun padà.

Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin ọkà bàbà. Àgbàdo ní tiẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492. Ìyẹn ni pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a ń fi àgbàdo pọn kò lè dàgbà ju ìgbà yẹn lọ. Síbẹ̀ ó rìn jìnnà: àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ rẹ̀ dé Cuba, chequeté ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ wá wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọn ọtí ọkà bàbà, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á bò ó kí ó hù, wọ́n á sá a sóòrùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀. Omi orí rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ dà sọ́tọ̀. Wọ́n á wá se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ dáadáa, tó bá ti tutù díẹ̀, wọ́n á da omi orí yẹn padà sí i. Ọgbọ́n ńlá ni. Inú omi orí ni agbára tó ń sọ ìyẹ̀fun ọkà di ṣúgà wà, bí wọ́n bá sì sè é, iná á pa á. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà ní tiẹ̀ nílò iná tó pọ̀ ju ti báálì òyìnbó lọ kó tó rọ̀. Wọ́n pín méjèèjì níyà láìní tẹmómítà lọ́wọ́. Àwọn tó ń pọn tchakpalo ní Bẹ̀nẹ̀ náà mọ ọgbọ́n yìí, àwọn tó ń pọn dolo ní Burkina Faso sì máa ń fi omi ilá tó ń yọ̀ sí i kí ìdọ̀tí lè tètè silẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlọ̀ dé nìyẹn. Tí ọkà náà bá kúnná bí èlùbọ́, kò ní silẹ̀. Omi orí á dàbí ògì, ìsàlẹ̀ ìkòkò á jóná, aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ẹ á dí. Tó bá sì wà ní odidi, ṣúgà inú rẹ̀ á bá eèrí lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Àárín méjèèjì là ń wá, kó rí bíi gaàrí.

Àwọn òyìnbó kò níṣòro yìí, torí ọkà báálì wọn ní èèpo lára. Tí wọ́n bá fi róólà irin méjì tẹ̀ ẹ́, inú á fọ́, èèpo kò ní fọ́ púpọ̀. Èèpo yẹn ló máa tẹ́ sísàlẹ̀ agbada tí á di asẹ́ fún wọn. Àlàfo tó wà láàárín róólà wọn kì í ju bíi mìlímítà kan lọ. Ọkà bàbà wa kò ní èèpo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Nítorí náà, kí lẹ ń fi owó ńlá ra ohun tó ń dáàbò bo èèpo tí ọkà yín kò ní?

Àwọn òyìnbó pàápàá kò fi róólà bẹ̀rẹ̀ nílé. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà yọ̀ǹda kí aráàlú máa pọntí nílé, ní òfin 1978, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Corona ni ọ̀pọ̀ wọn lò. Kòlóńbíà ni wọ́n ti ń ṣe é, àgbàdo ni wọ́n sì ṣe é fún. Irú rẹ̀ náà ni èyí tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà ní ọjà wa.

Ẹ̀rọ àdúgbò wa, àbúrò Corona ni, ẹ́ńjìnnì ló kàn ń yí i. Àwo irin méjì ni, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń yí. Ẹ́ńjìnnì Lister ló mú irú rẹ̀ dé ibi tí kò sí iná mànàmáná. Ilé iṣẹ́ R. A. Lister ní Dursley, ní England, gbé ẹ́ńjìnnì CS jáde ní 1929: ó ń yí nígbà 600 ní ìṣẹ́jú kan. Kò yára, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀yìn àwọn obìnrin lọ́wọ́ ọlọ, ṣùgbọ́n àṣẹ bó ṣe máa kúnná tó ti kúrò lọ́wọ́ ìyá tó ń pọntí, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́rọ. Ẹlẹ́rọ sì rèé, èlùbọ́ ló mọ̀. Á dè é pinpin.

Ní January 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ńlá sáré padà sórí ọkà bàbà àti àgbàdo, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin SK 5912, tí wọ́n yọ jáde ní Samaru, Zaria, sì rí ọjà tà. Asẹ́ tí wọ́n ń lò fún báálì kò ṣiṣẹ́ fún ọkà tí kò léèpo. Àwọn kan ní láti ra ẹ̀rọ oníhámà tó ń lọ ọkà kúnná, kí wọ́n sì ra asẹ́ alágbára tó ń fún un jáde. Ẹ ṣàkíyèsí o: asẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ìkúnná ṣiṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ má tẹ̀ lé wọn.

Nítorí náà, fún ọkà bàbà àti àgbàdo nílé, ẹ̀rọ alawo méjì ni mo fọwọ́ sí, ọlọ́wọ́ tó bá jẹ́ ìwọ̀nba ni, ẹlẹ́ńjìnnì tó bá jẹ́ títà. Ẹ tú u díẹ̀. Oníhámà tí ẹ ti ní fún oúnjẹ adìyẹ náà lè ṣe é tí ẹ bá fi asẹ́ olójú ńlá sí i. Oníróólà, àfi ẹni tó bá ń ra mọ́ọ̀tì báálì.

Awo tuntun máa ń já èérún irin sínú ọkà, ẹ kọ́kọ́ fi ọkà tí ẹ ò ní lò lọ̀ ọ́, kí ẹ dà á nù. Awo kan ò gbọdọ̀ máa ha èkejì lójú. Ẹ má gbé ọkà ọtí lọ sídìí ẹ̀rọ ata. Kí ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ fọwọ́ ra èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, kí ẹ fẹ́ ẹ dànù: májèlé inú èéhù ọkà bàbà ló ń pa màlúù tó bá jẹ ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Tí ẹ bá débi ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ ní kó lọ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ pò ó mọ́ omi nínú ìgò funfun, kí ẹ dúró wò ó. Tí omi orí kò bá tòrò, ẹ ní kó tú awo náà sí i kó tó da ìyókù sẹ́nu ẹ̀rọ.