Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣe lè yáwó kí orúkọ rẹ̀ má bàjẹ́

Ní Lagbé, bíi ní gbogbo Ifangni, àwìn kì í ṣe nǹkan tuntun. Onígàrí mọ ẹni tó máa ń san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó dá, ó sì mọ ẹni tí òun kì í tajà fún láwìn. Crédit náà nìyẹn. Àmọ́ orúkọ rere yẹn kì í kọjá ọjà. Tí ẹ bá dé CLCAM tàbí ilé ayánilówó mìíràn, ẹni tó jókòó níbẹ̀ kò mọ̀ yín. Ìwé ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí ìwé náà rí nǹkan sọ. Tontine ojoojúmọ́ dára: nínú ojú 31 tó wà nínú carnet, ọ̀kan jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ. Ṣùgbọ́n alájọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ kò lè jẹ́rìí yín ní bánkì. Tí ẹ bá ti kó àjọ, ẹ fi díẹ̀ sí àkáǹtì tó jẹ́ tiyín, níbi tó ní ìwé àṣẹ ìjọba. 2.000 FCFA lọ́sẹ̀ láìdáwọ́ dúró sàn ju 100.000 tó wọlé lónìí tó sì jáde lọ́la. Ní ti ìwé àṣẹ yẹn, a kò tíì gbàgbé ICC Services tó wó ní 2010 pẹ̀lú owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Benin.

Kí owó tí ẹ máa kọ́kọ́ yá kéré. Microcrédit Alafia, tí ìjọba gbé jáde ní 2020 láti ọwọ́ Fonds National de la Microfinance, bẹ̀rẹ̀ láti 30.000 FCFA, orí fóònù ló sì ń gbà wọlé. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ọwọ́ tó dá 30.000 padà ni wọ́n ń fún ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọjọ́ ìsanpadà tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà, kó má ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó sì jẹ́ pé àsìkò ẹyìn nìkan ló ń rówó, kó má gba èyí tí wọ́n ń san lóṣooṣù.

Ohun tó ń ba orúkọ jẹ́ jù lábúlé wa, lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀lẹ. Yíyá owó fún ẹlòmíràn lórúkọ ara ẹni ni. Àbúrò á wá: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á, ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀.” Ẹ fọwọ́ sí i, ó gbowó, ó gba Igolo kọjá sí Nàìjíríà, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n máa wá kàn, torí NPI yín àti ìbuwọ́lùwé yín ló wà níbẹ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ ìjà, ẹ fún un ní ìwọ̀nba tí ẹ lè yọ̀ǹda lára owó tiyín, kí ẹ má retí rẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ẹgbẹ́ tí obìnrin mélòó kan ti ń dúró fún ara wọn: tí ọ̀kan kò bá san, àwọn tó kù ló máa san án. Ẹni tó ń dá àjọ déédéé ni kí ẹ bá ṣe é, kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn.

Láti 2016, àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA ní Bureau d’Information sur le Crédit. Àwọn ayánilówó ń kọ ohun tí kálukú yá àti bó ṣe san án síbẹ̀. Nítorí náà, gbèsè tí ẹnì kan fi sílẹ̀ ní Pobè, wọ́n lè rí i ní Cotonou. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yín kí wọ́n tó fi orúkọ yín ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ka ojú ìwé yẹn fún yín kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, pàápàá èyí tó fi hàn pé ẹ ti san tán.

Tí ọjà kò bá tà, ẹ má sá, ẹ má sì lọ yá òmíràn láti fi dí i. Ẹ mú carnet yín dání, kí ẹ lọ bá wọn kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ọjọ́ dá.