Ta Ni Ó Pa Àfọ̀njá?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ yìí dá lórí ọkùnrin kan tí ilẹ̀ Yorùbá kò lè gbàgbé, èyíinì ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ìlú Ìlọrin. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ bí ó ti kú. Ṣùgbọ́n ta ni ó pa á? Bí a bá bi ènìyàn mẹ́ta ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn mẹ́ta ni a ó gbọ́. Èkíní yóò wí pé èpè Aláàfin Aólẹ̀ ni. Èkejì yóò wí pé àwọn àjèjì tí ó gbà sí ilé ni. Ẹ̀kẹta yóò wí pé ìgbà ni. Ìjọba Ọ̀yọ́ ti ń wó, kò sì sí bí yóò ti wó tí kì yóò pa ẹni tí ó dúró nítòsí. Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn ìdáhùn wọ̀nyí yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí a tó wá béèrè ohun tí ó kù tí Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ yóò jíhìn fún.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ìgbà bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe ilé tí ó dúró ṣinṣin ni Àfọ̀njá bá. Láti ọdún 1754 títí di ọdún 1774, Báṣọ̀run Gáà ni ó di agbára mú ní Ọ̀yọ́. Aláàfin tí kò bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, a mú kí ó kú. Aláàfin Abíọ́dún ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, tí ó sì mú kí ilẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí ó wà láàárín ọba àti àwọn ìjòyè kò jinná. Ní ọdún 1783 àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun ọmọ ogun Ọ̀yọ́. Abíọ́dún kú ní ọdún 1789, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn Tápà pẹ̀lú fi borí wọn. Ní òkè Ọya, Usman dan Fodio gbé ogun ẹ̀sìn dìde ní ọdún 1804, ìròyìn rẹ̀ sì dé etí àwọn ẹrú Haúsá tí ó kún ilé àwọn ọlọ́lá Ọ̀yọ́, àwọn tí ń da màlúù, tí ń lọ́ okùn, tí ń fá orí. Nítorí náà, ẹni tí ó wí pé ìgbà burú kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà burúkú kan náà ni gbogbo ìjòyè ayé ìgbà náà gbé, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn ṣe.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ Aólẹ̀, ẹni tí ó jọba lẹ́yìn Abíọ́dún. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí arákùnrin rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson sì mú kí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, fi yé wa pé kì í ṣe ìfẹ́ ni ọba fi fún Àfọ̀njá ní oyè Kakaǹfò. Àfọ̀njá fi agbára béèrè rẹ̀, ọba sì bẹ̀rù ogun abẹ́lé. Láti ìgbà náà ni Aólẹ̀ ti ń wá ọ̀nà láti mú un kúrò. Òfin oyè náà ni pé, bí a bá rán Kakaǹfò sí ogun, ó gbọdọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wá sílé. Nítorí náà, ọba darí ogun rẹ̀ sí Ìwéré, ìlú tí odi rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lérò pé apá ẹnikẹ́ni lè ká a. Bí Àfọ̀njá bá jà níbẹ̀, yóò kú. Bí ó bá kọ̀, ó di ọlọ̀tẹ̀.

Àfọ̀njá mọ ète náà. Òun àti Báṣọ̀run Aṣàmú àti Oníkòyí yí ogun padà, a pa àwọn ènìyàn ọba tí ó wà ní ibùdó, wọ́n sì lọ dó ti Ọ̀yọ́. Igbá òfìfo tí a fi ọmọrí dé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Aólẹ̀, àmì pé wọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Nǹkan bí ọdún 1796 ni èyí. Ìtàn sọ pé kí ọba tó kú, ó ta ọfà sí ìhà mẹ́ta, ó sì gégùn-ún pé kí a kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe ní àtúnṣe, lẹ́yìn náà ni ó jẹ májèlé.

Aólẹ̀ jẹ̀bi. Ọba tí ó fi ogun ìlú dẹ pàkúté fún ìjòyè rẹ̀ ti sọ adé di ohun yẹpẹrẹ. Bí ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá bá parí síhìn-ín, ẹni tí a ṣe níbi ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n èpè náà ńkọ́? Kí Aólẹ̀ tó ta ọfà kankan ni a ti ń kó ẹrú gba èbúté Àjàṣẹ́ àti Badagry lọ sí òkè òkun. Johnson kò tilẹ̀ fi í pamọ́ pé, nígbà tí Aólẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba, òun tìkára rẹ̀ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́rú ní ọjà Apòmù, tí baálẹ̀ ibẹ̀ sì nà án fún un. Ohun tí ó fi gégùn-ún fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí. Ìwà tí gbogbo ìlú ń hù ni èpè náà fi orúkọ pè.

Ó wá kan àwọn àjèjì. Lẹ́yìn ikú Aólẹ̀, Àfọ̀njá kọ̀ láti sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ó fẹ́ dá dúró ní Ìlọrin. Ó pe Àlímì, àlùfáà Mùsùlùmí tí ó jẹ́ Fúlàní, kí ó wá máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Ṣólàgbérù, Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀dó sí Òkè Sùnnà. Ní ọdún 1817 àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde sí àwọn olúwa wọn, Àfọ̀njá sì ṣí ìlẹ̀kùn Ìlọrin fún gbogbo ẹni tí ó bá sá wá. Wọ́n dé lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì kó wọn jọ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí à ń pè ní Jámáà.

Èmi kì yóò bá wọn wí nítorí pé wọ́n sá kúrò ní oko ẹrú. Ta ni nínú wa tí kì bá sá? Àlímì pàápàá, àlejò tí a ránṣẹ́ pè ni. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ìdí tí Àfọ̀njá fi fẹ́ràn irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun tí ó ti ìlú wá ní baálẹ̀ tí ó lè pè é padà, ó ní baba tí ojú rẹ̀ ń tì, ó ní oko tí òjò ń dúró dè. Jámáà kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́kun ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àfi Àfọ̀njá, ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí wọ́n fi wù ú. Kò rò ó pé ẹni tí kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́kun, ọjọ́ ń bọ̀ tí olúwa rẹ̀ náà kò ní lè dá a lẹ́kun. Ohun tí ó mú wọn wúlò fún un ni ó mú wọn pa á.

Kì í ṣe pé kò rí àmì. Jámáà ń fi ogun kó àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Wọ́n a wọ ilé àwọn olúwa wọn àtijọ́, wọ́n a sì ṣe bí ó ti wù wọ́n níbẹ̀. Fágbóhùn, olórí Jàbàtá, ni ó láyà láti kìlọ̀ fún Kakaǹfò pé kí ó tètè wá nǹkan ṣe sí i kí wọ́n tó borí rẹ̀. Àfọ̀njá bínú sí i. Níhìn-ín ni mo rò pé ìṣubú rẹ̀ wà, kì í ṣe ní Ìwéré, kì í sì í ṣe ní ọjọ́ tí Aólẹ̀ fọ́ àwo. Ní Ìwéré a há a mọ́. Ní ọ̀dọ̀ Fágbóhùn ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yà kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó pẹ́. Ó fẹ́ tú Jámáà ká, ó ránṣẹ́ wá ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n àṣírí tú, wọ́n sì dìde sí i ní nǹkan bí ọdún 1824. Ṣólàgbérù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbè é. Àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ tí ó ti kẹ́gàn wọn kò sí nítòsí. Ó jà bí akọni títí dé òpin. A sọ pé ọfà àti ọ̀kọ̀ pọ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi wó lulẹ̀. Òkú rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ ti ṣubú. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, di ẹ́míà àkọ́kọ́ ní Ìlọrin, Ṣólàgbérù náà sì ti ọwọ́ rẹ̀ kú nígbẹ̀yìn.

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí kò sọ pé ikú òde kò sí. Ohun tí ó ń sọ ni pé ilẹ̀kùn inú ni ó ń gbà wọlé. Okùnfà lè pọ̀, ó sì lè ti ọ̀nà jíjìn wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi a máa bá ẹni tí ó rí i, tí ó lè yàn, tí ó sì yan ibi. Kò sì mọ sí orí ẹni náà nìkan. Ní ọdún 1821, nígbà tí Àfọ̀njá ṣì wà láàyè, irú ogun tí ó gba ilẹ̀ kan yìí kó ìlú Òṣoògùn, ó sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Òun ni ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní ọdún 1864. Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ, Fúlàní àti ẹrú tí ó sá wà nínú àwọn tí ó kó wọn, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ ilé wà nínú ogun òde.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé títí di òní, bí ìyapa bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, a máa ń gbọ́ tí wọ́n ń wí pé, “Èpè Aólẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, nítorí kò béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wòlíì Ìsíkíẹ́lì bá àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì wí nítorí irú àwáwí bẹ́ẹ̀; wọ́n ń fi ìyà tí ń jẹ wọ́n dá àwọn baba wọn lẹ́bi, ó sì kọ́ wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ olúkúlùkù ni yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èpè bá ti dè wá, báwo ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣe dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840? Nígbà tí ogun Kírìjì sì gbẹ́mìí lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlùfáà méjì tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí wà nínú àwọn tí ó jẹ́ iṣẹ́ àlàáfíà láàárín ibùdó méjèèjì títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 1886. Ọ̀kan ni Charles Phillips. Èkejì ni Samuel Johnson, ẹni náà gan-an tí ó kọ ìtàn èpè náà sílẹ̀ fún wa. Ó mọ èpè Aólẹ̀ ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Síbẹ̀ kò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó sì lọ bẹ àwọn ará rẹ̀ kí wọ́n fi idà sílẹ̀.