Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Àmì-Ọ̀rọ̀ ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Ẹni tó bá mọ a, b, d kì í pẹ́ rí ọ̀rọ̀ tó ń wá nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni yóò tẹ̀ lé, lẹ́yìn náà ìkejì, títí yóò fi débẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àmì-ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe lẹ́tà tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Àmì kọ̀ọ̀kan dá dúró pẹ̀lú ìró àti ìtumọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì pọ̀ lọ jàra. Láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ti ń bá ìbéèrè kan yí: bí èèyàn bá rí àmì tí kò mọ̀, níbo ni yóò ti wá a? Ìtàn ìbéèrè yìí ló jẹ́ kí n gbà pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ìkọ̀wé Ṣáínà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, pé òun ló ń fa orílẹ̀-èdè náà sẹ́yìn, kò tọ́ sí i. Ètò ìwákiri ló kù díẹ̀ káàtó, àmì kọ́.

Xu Shen ló kọ́kọ́ fún ìbéèrè náà ní ìdáhùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Jésù ló parí ìwé Shuowen Jiezi. Ọmọ rẹ̀ ló gbé e lọ sí ààfin ní ọdún 121. Xu Shen ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ àmì ló ní ẹ̀yà kan náà lára: èyí tó bá jẹ mọ́ omi ní ẹ̀yà omi, èyí tó bá jẹ mọ́ igi ní ẹ̀yà igi. Ó wá pín àmì 9,353 sí ìsọ̀rí 540. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ bó ṣe to àwọn ìsọ̀rí náà tẹ̀ lé èrò rẹ̀ nípa ìṣẹ̀dá ayé: 一, tí í ṣe oókan, ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èrò náà yóò kàn máa ṣí ìwé kiri ni. Ní ọdún 601, Lu Fayan gba ọ̀nà mìíràn. Ìwé Qieyun tirẹ̀ to àmì gẹ́gẹ́ bí ìró wọn ṣe bára mu, èyí tó dùn mọ́ àwọn akéwì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pe àmì kan kò níbi tí yóò gbà wọlé. Ó tó nǹkan bí 1,500 ọdún lẹ́yìn Xu Shen kí Mei Yingzuo tó dín ìsọ̀rí 540 kù sí 214, ní ọdún 1615, tó sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí iye ìlà tí wọ́n fi ń kọ wọ́n. Ìwé atúmọ̀-èdè tí Ọba Kangxi ní kí wọ́n ṣe, èyí tó parí ní ọdún 1716 pẹ̀lú àmì 47,035, gba ètò yìí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ìgbà yìí ni ẹni tó bá ṣáà ti mọ̀ ọ́n kà ní oókan, eéjì, tó lè wá àmì.

Ẹ jẹ́ ká wo 媽, tí í ṣe ìyá. Apá òsì rẹ̀ ni 女, obìnrin, tí wọ́n ń fi ìlà mẹ́ta kọ. Apá ọ̀tún ni 馬, ẹṣin, tó gba ìlà mẹ́wàá, tó sì wà níbẹ̀ nítorí ìró lásán. Olùwá yóò lọ sí ìsọ̀rí obìnrin, yóò ṣí i dé ibi onílà mẹ́wàá, yóò sì rí i láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n 問 ńkọ́, tó túmọ̀ sí pé kí èèyàn béèrè? Ilẹ̀kùn 門 ló gba gbogbo ojú. Ẹnu kékeré, 口, ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìsọ̀rí ilẹ̀kùn lọ ti ṣìnà, torí pé abẹ́ ẹnu ni wọ́n kó o sí: ẹnu la fi ń béèrè. 聞, tí í ṣe gbígbọ́, wà lábẹ́ etí, 耳. Síbẹ̀ 開, tí í ṣe ṣíṣí, wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ní tòótọ́. Ẹni tó ti mọ ìtumọ̀ ni ètò yìí ń tọ́ sọ́nà jù, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ gan-an ni olùwá ń wá. Àbùkù gidi nìyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó to ìwé ló ti wá.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ àwọn ará Denmark fa wáyà dé Shanghai ní ọdún 1871, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ni ètò Morse, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ lórí wáyà, mọ̀. Viguier, ará Faransé kan, ṣe ìwé tó fún àmì bí 6,800 ní nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́rin. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ 中 jẹ́ 0022, 文 sì jẹ́ 2429. Ẹni tó ń fi wáyà ránṣẹ́ ní láti wá nọ́ńbà àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbà á yóò tún ṣí ìwé láti dá a padà. Nínú Morse, lẹ́tà E jẹ́ tóótó kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n díjíìtì kọ̀ọ̀kan gba ìtẹ̀ márùn-ún. Àmì Ṣáínà kan wá di ogún ìtẹ̀. Àwọn èèyàn rí i pé ó lọ́ra, wọ́n sì di ẹ̀bi ru ìkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe ìṣirò nígbà tí wọ́n ń ṣe Morse.

Inú irú ìbànújẹ́ yìí ni ọ̀mọ̀wé Qian Xuantong ti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Xin Qingnian ní ọdún 1918 pé kí wọ́n pa àmì-ọ̀rọ̀ Ṣáínà rẹ́ pátápátá. Òǹkọ̀wé Lu Xun náà ti lẹ́yìn pé kí wọ́n máa fi lẹ́tà Látìn kọ̀wé. Àwọn èèyàn yìí kì í ṣe ọ̀tá ilẹ̀ wọn. Àìmọ̀wé tó gbòde ló ká wọn lára. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láàárín àwọn ọdún 1920, Wang Yunwu ní ilé iṣẹ́ Commercial Press ní Shanghai ṣe ètò igun mẹ́rin: wo ohun tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan àmì, kí o fún un ní díjíìtì. Ìlà ìbú gba 1, onígun mẹ́rin gba 6, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Olùwá kò nílò ìró, kò nílò ìtumọ̀. Ojú rẹ̀ ti tó. Ní ọdún 1947, Lin Yutang gbé táípúráítà jáde ní New York, bọ́tìnnì 72 ló ní. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì méjì, àmì tí kò ju mẹ́jọ lọ yóò yọ lójú fèrèsé kékeré kan, yóò sì tẹ nọ́ńbà èyí tó fẹ́. Gbèsè ló kó Lin sí, ẹ̀rọ náà kò sì dé ọjà, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ ni fóònù gbogbo ní Ṣáínà ń lò lónìí: kọ́kọ́ wá, kí o tó kọ.

Ẹnìkan lè sọ pé lẹ́tà Látìn ló borí níkẹyìn, nígbà tó jẹ́ pé pinyin, ìlànà fífi lẹ́tà Látìn kọ ìró Ṣáínà tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1958, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tẹ̀wé. N kò gbà. Tẹ "shi", ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì ni yóò tò síwájú rẹ. Ojú rẹ ni yóò mọ èyí tó o ń wá. Lẹ́tà ṣílẹ̀kùn, àmì ló wọlé. Ètò ìtẹ̀wé Cangjie ti ọdún 1976 àti Wubi ti ọdún 1983 kò tilẹ̀ lo ìró rárá. Ẹ̀yà ara àmì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Àtakò tó wúwo jù ni ti ọmọ ilé ìwé tó ní láti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì, mo sì gbà pé ẹrù ni. Ṣùgbọ́n Taiwan àti Hong Kong kò dín ìlà àmì kù, àwọn èèyàn wọn sì mọ̀wé dáadáa. Dídín tí ìjọba Beijing dín in kù ní ọdún 1956 tilẹ̀ dá ìṣòro ìwákiri mìíràn sílẹ̀: 發, fífi ránṣẹ́, àti 髮, irun orí, di 发 kan náà. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ padà sí ti àtijọ́ lè sọ irun di ìfiránṣẹ́.

Ìyà tó ń jẹ èèyàn nígbà tí ètò bá kéré ju ìkọ̀wé lọ hàn gbangba lára Zhu Rongji, tó di olórí ìjọba ní ọdún 1998. GB 2312, ètò kọ̀ǹpútà ti ọdún 1980, gba àmì 6,763, ṣùgbọ́n 镕 tó wà nínú orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwa Yorùbá náà mọ irú èyí: nínú Unicode, ètò tó ń fún àmì ìkọ̀wé ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní nọ́ńbà kan tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, méjì la ní láti so pọ̀. Bí olórí ìjọba kò bá rí orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀, kí ni ti àgbẹ̀ tí àmì orúkọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tó dé iwájú akọ̀wé báńkì? Ètò GB 18030 tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, gba àmì 87,887.